Ohun Tó Wà Nínú Tírà Fàtímọ̀

Ìwé kan ṣoṣo ló máa ń ti Ìbàdàn wá fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí Jemimah ń lọ ní Ìwó, àwọn ọmọbìnrin tó sì fẹ́ kà á jẹ́ mẹ́tàlá. Ìwé kíkà òwúrọ̀ ni, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ tirẹ̀, àlàyé ráńpẹ́, àti àdúrà ìlà mẹ́ta. Ewé mẹ́tàlá ló wà nínú rẹ̀, ewé kan fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹlòmíràn ì bá pe àwọn ọmọ náà jọ, kí ó máa kà á sí wọn létí. Jemimah kò ṣe bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni, ohunkóhun tí wọ́n bá sì fi òwú rán, ó mọ bí a ṣe ń tú u. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù October ọdún 1957, ó yọ bíléèdì tó fi ń tú ojú rírán, ó gé òwú ẹ̀yìn ìwé náà, ó sì pín in ní ewé kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kan ni ewé kan ń lò lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí ọjọ́ Àìkú bá dé, wọn á pààrọ̀. Èyí ló fà á tí ọmọ kan ní Olúpọ̀nnà fi lè máa ka ti ọdún Kérésìmesì ní àárín oṣù October, nígbà tí ẹnì kejì rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìlú ṣì ń ka ti ìkórè. Kò yọ wọ́n lẹ́nu. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, gbogbo wọn á ti ka gbogbo rẹ̀. Jemimah á wá to ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá bó ṣe yẹ, á fi abẹ́rẹ́ rán ẹ̀yìn wọn padà, á sì gbé ìwé náà fún Díákónì Ògúnkúnlé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ewé kan kò sọnù rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn máa ń padà wá pẹ̀lú epo.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹrin oṣù náà, ewé méjìlá ló padà.

"Ta ni kò mú tirẹ̀ wá?"

Fàtímọ̀ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ bi Fàtímọ̀ léèrè ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀," ni Bọ́sẹ̀ wí. Bọ́sẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ yá jù nínú ẹgbẹ́ náà. "Tírà ni! Ìwé wa ni wọ́n rán sínú rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kí Ìyá Alfa!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ́sẹ̀, ìwọ tí o fi ewé tìrẹ di ẹ̀pà lọ́sẹ̀ tó kọjá, o tún lẹ́nu ọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín náà yí sórí Bọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Díákónì Ògúnkúnlé wà ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ti gbọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Fàtímọ̀. Bàbá rẹ̀, Sàlàkọ́, ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú nígbà ayé rẹ̀, òun ló sì ní kí wọ́n fi ọmọ náà sí ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi, nítorí ó fẹ́ kí ó mọ ìwé lọ́nà méjèèjì. Ó kú kí ọmọ náà tó mọ ọ̀kan dáadáa. Láti ilé ìwé ni Fàtímọ̀ ti tẹ̀lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Jemimah. Kò sẹ́ni tó ní kí ó yí orúkọ padà, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó gbàgbọ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń kàwé tó o nínú wọn. Wọ́n tún mọ̀ pé eegun a máa ro ó. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni. Bí ó bá dé, ọmọ náà á ká jọ lórí ẹní, á máa jẹ aṣọ lẹ́nu kí igbe má baà jáde. Bí ó bá lọ, á dìde, á gba odò lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, Jemimah pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá mi ni, Màmá," ni ó wí. "Nígbà tí ewé yẹn wà lọ́wọ́ mi, eegun ń ro mí. Orí ìdùbúlẹ̀ ni mo ti ń kà á. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ka ti ọmọbìnrin tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń sunkún rẹ̀, tí Olúwa ní kí ó dìde. Mo kà á sókè. Nígbà tí mo kà á tán, ìrora náà ti lọ, mo dìde. Ìyá mi ní kí n má dá a padà fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí Mùrí rán an."

Mùrí ni ó ń fi awọ rán tírà fún gbogbo àdúgbò náà.

Díákónì Ògúnkúnlé wọlé wá. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Òun ló gbẹ́ kànga ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rí tírà tó pọ̀ láyé rẹ̀, ó sì kórìíra wọn bí ènìyàn ṣe ń kórìíra ilé tí ó ti sá kúrò nínú rẹ̀.

"Jemimah, bíléèdì tí o fi tú ìwé, òun náà ni kí o fi tú tírà."

"Bàbá, ọmọ náà kọ́ ló ṣe é."

"N kò ní òun ló ṣe é. Mo ní kí o tú u. Mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí o kò bá tú u, kí ó má wọ inú ẹgbẹ́ yìí mọ́. Bí a bá gba ti ẹyọ kan yìí, kí ọdún tó parí, ewé mẹ́tàlá ti di tírà mẹ́tàlá nìyẹn, kí ni kí n wá kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù?"

Ohun tó wà lọ́kàn Jemimah kì í ṣe ohun tó lè sọ níbẹ̀.

Ó ti bí ọmọ kan rí tó ń jẹ́ Tinúkẹ́. Irú àìsàn kan náà ni. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí ọmọ náà pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá Matthew ọkọ rẹ̀ ti Kuta wá, ó so tírà kékeré kan mọ́ ọn nídìí. Jemimah ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ nínú ẹgbẹ́ nígbà náà, ìtara ń gbóná lára rẹ̀. Ó gé okùn tírà náà, ó jù ú sínú iná ìdáná, ó gbàdúrà, ó sì ní ìgboyà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Tinúkẹ́ kú.

Ìyá Matthew kò bá a jà. Gbólóhùn kan ló sọ: "O ti tú u." Láti ọjọ́ náà títí tí ìyá àgbà náà fi kú, kò gba omi mu lọ́wọ́ Jemimah. Pásítọ̀ ní kò sí ohun tó kan tírà nínú ikú ọmọ náà. Jemimah ṣe àmín. Gbogbo ohun tí Pásítọ̀ bá wí ló máa ń ṣe àmín sí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá kọjá, kò sì sí òwúrọ̀ kan tó mú bíléèdì náà lọ́wọ́ tí kò rántí ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn. Èmi ni mo pa á ni, àbí èmi kọ́? Kò bi ẹnikẹ́ni.

"Ṣé wàá gé e?" ni Matthew bi í. Káfíńtà ni Matthew, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Díákónì ní kí n gé e."

"Èmi kò bi ọ́ ní ohun tí Díákónì wí."

"N kò lè pa méjì, Matthew."

Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ó gbé ayùn rẹ̀, ó sì jáde lọ síwájú ilé.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọ̀sẹ̀ méjì náà pé, Jemimah lọ sí agbo ilé Fàtímọ̀, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti dé láti ìrun Jímọ̀. Ó so bíléèdì náà mọ́ etí ìró. Ó ti pinnu pé òun á ṣe é, kí òun má baà máa ronú mọ́.

Hàbíbátù, ìyá Fàtímọ̀, wà nídìí àwọn ìkòkò aró rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgúnpá. Ó ń fa aṣọ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n ní wúyẹ́wúyẹ́, nítorí aṣọ mẹ́jọ ni ìkòkò kan ń gbà, kò sì fẹ́ kí ọ̀kan ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀. Bó ṣe rí Jemimah, ó sọ aṣọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀.

"Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ ṣé. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

"Ẹ dìde, Ìyá Fàtímọ̀, ẹ jọ̀wọ́."

"N kò ní dìde. Bàbá ọmọ yìí rán tírà mẹ́rin fún un kí ó tó kú, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó mọ kéwú ju gbogbo wọn lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan kò jẹ́. Tiyín ló jẹ́! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rán an, ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, kò dùbúlẹ̀ rárá. Òróòwúrọ̀ ni mò ń fi òrí pa awọ náà kí ó má baà gbẹ." Ó gbójú sókè. "Mo gbọ́ pé àwọn àgbà yín ń bínú. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n wá mú ìkòkò aró kan, kí wọ́n fi ewé yẹn sílẹ̀ fún mi."

"Kí ni Díákónì á fi ìkòkò aró ṣe?"

"Kí ó rẹ ẹ̀wù funfun rẹ̀ yẹn sínú rẹ̀. Funfun náà ti pọ̀ jù."

Jemimah rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó wo Fàtímọ̀ tó ń sá aṣọ sórí okùn, tírà kékeré aláwọ̀ pupa náà sì ń mì lọ́rùn rẹ̀ bó ti ń nà gọngọ. Ọwọ́ Jemimah kan etí ìró rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀. Ó kí Hàbíbátù, ó ní òun ń lọ.

Fàtímọ̀ sìn ín dé ẹ̀yìn ògiri. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Kò sí nínú rẹ̀."

"Kí ni kò sí nínú kí ni?"

"Ewé yín. Kò sí nínú tírà. Ìyá mi ní kí n mú un lọ fún Mùrí, n kò lè fún un. N kò tíì kà á tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ya bébà kan nínú ìwé ìṣirò mi, mo ká a, òun ni mo fún Mùrí. Kò mọ̀ ọ́n kà, lẹ́tà Lárúbáwá nìkan ló mọ̀. Ó tilẹ̀ ní, 'Bébà ni bébà.' Ìlọ́po mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀."

Ó tú áńkáṣíìfù kan, ó fa ewé náà yọ, ó sì fi lé Jemimah lọ́wọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já níbi tí wọ́n ká a sí.

"Ẹ gbà á. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú Jemimah. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìlọ́po mẹ́jọ! Hàbíbátù ń fi òrí pa ìlọ́po mẹ́jọ! Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dá.

Bí ìṣirò bá lè wà lọ́rùn ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ara rẹ̀ fi le, a jẹ́ pé awọ lásán ni tírà. Bí ó bá jẹ́ awọ lásán, a jẹ́ pé ohun tí òun jù sínú iná lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn kò lè gba ẹnikẹ́ni là, òun kọ́ ni òun pa Tinúkẹ́. Ó fẹ́ di èyí mú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dì í mú ni apá kejì ń bọ̀. Ọmọ náà ní ìgbà tí òun ka ti ọjọ́ Àbámẹ́ta tán ni ìrora lọ, Jemimah sì ti ń fi èyí yọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ara bá ń le, bí ó sì ń rọ̀, láìwo ohun tó wà nínú awọ, ta ló sọ pé ó ń wo ohun tó wà nínú ewé? Àwọn tó ń kọ ìwé òwúrọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin kò fi èsì irú èyí sínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀, èyí kò gba ìrònú rárá. Bí ó bá gbé ewé náà fún Díákónì, Díákónì á béèrè bó ṣe jáde nínú awọ tí kò ya. Kí ọjọ́ Àìkú tó ṣú, Hàbíbátù á ti gbọ́.

Jemimah fi ewé náà sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì.

Ní ọjọ́ Àìkú, Díákónì na ọwọ́.

"Tírà náà dà?"

"N kò gé e, Bàbá."

"O ò rí ààyè ni?"

"Mo rí ààyè. N kò ní í gé e."

Fàtímọ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ ti wà níbi okùn ọrùn rẹ̀. "Màmá, èmi á bọ́ ọ fúnra mi."

"Jókòó," ni Jemimah wí.

Ohùn rẹ̀ le débi pé ọmọ náà jókòó lójú ẹsẹ̀. Díákónì gba ewé méjìlá tó wà nílẹ̀, ó kà wọ́n, ó kó wọn sápò. Ó ní kí Fàtímọ̀ máa lọ ilé. Ó ní kí Jemimah náà sinmi díẹ̀ títí ìgbìmọ̀ á fi pàdé. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ìsinmi náà kò ní í tán. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó Díákónì ló ń darí ẹgbẹ́ náà. Ó rán ewé méjìlá pọ̀, ó ń ka ìwé náà sí wọn létí, àwọn ọmọ sì ń sùn.

Ọyẹ́ mú lọ́dún náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù December, eegun tún kì Fàtímọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje péré ni àlàáfíà náà fi wà, ká ní ènìyàn ń kà á. Hàbíbátù ń kà á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wọ ìsọ̀ Jemimah pẹ̀lú awọ pupa náà ní ọwọ́ kan, ó ti fi ọ̀bẹ là á, bébà tí wọ́n ká pọ̀ sì wà ní ọwọ́ kejì.

"Ìyá Ẹgbẹ́, òógùn ti wọ inú rẹ̀. Mo rò pé ìkọ̀wé náà ti ń pa rẹ́, òun ni kò fi ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ dìde, ẹ wá kà á sí i létí, bí òun ṣe kà á lọ́jọ́ yẹn."

Jemimah fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ewé tòótọ́ náà, ó so ó mọ́ etí ìró. Kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Ó tẹ̀lé e.

Fàtímọ̀ wà lórí ẹní, ó ká orúnkún mọ́ àyà, aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti rí bébà náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Hàbíbátù fi bébà náà lé Jemimah lọ́wọ́, ó jókòó, ó ká ọwọ́ dúdú rẹ̀ lé itan. Jemimah ṣí i. Pẹ́ńsù ni ọmọ náà fi kọ ọ́, tíṣà sì ti fi yíǹkì pupa máàkì rẹ̀.

Ó lè ka ìtàn ọjọ́ Àbámẹ́ta láti orí, kí ó máa tẹjú mọ́ ìṣirò. Ta ni yóò mọ̀? Hàbíbátù kò mọ lẹ́tà kan. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti mọ ìwé, kò tíì wo bébà kan kí ó ka ohun tí kò sí nínú rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni létí.

"Mẹ́jọ lọ́nà kan, mẹ́jọ," ni ó kà. "Mẹ́jọ lọ́nà méjì, mẹ́rìndínlógún. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta, mẹ́rìnlélógún. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin..."

"Méjìlélọ́gbọ̀n," ni Hàbíbátù wí.

Jemimah dá ìwé kíkà dúró.

"Ìkòkò mẹ́rin, aṣọ méjìlélọ́gbọ̀n. Èmi kò lọ ilé ìwé kí n tó mọ ìyẹn." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ìṣirò nìyẹn. Ta ló fi í síbẹ̀? Mùrí?"

Ó rọrùn láti ní Mùrí ni. Fàtímọ̀ fa aṣọ kúrò lẹ́nu.

"Èmi ni, Ìyá mi."

Hàbíbátù kò wo ọmọ rẹ̀. Jemimah ló ń wò. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo wá síbí. Lẹ́yìn tí ẹ kúnlẹ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa fi òrí pa ìṣirò. Òróòwúrọ̀." Ó mi orí. "Kí ló wá jẹ́ kí ara ọmọ mi dá fún ọ̀sẹ̀ méje?"

"N kò mọ̀," ni Fàtímọ̀ wí.

"Ẹ̀yin, Ìyá Ẹgbẹ́?"

"N kò mọ̀, Ìyá Fàtímọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá sọ fún yín."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Tinúkẹ́ ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn Matthew àti Pásítọ̀. Ó sọ ti ìyá ọkọ rẹ̀, ti iná ìdáná, ti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Hàbíbátù gbọ́ ọ títí dé òpin láìgba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kí ló wà nínú tírà náà?"

"N kò wò ó."

"Ẹ kò tú u wò?"

"Iná ni mo jù ú sí."

Hàbíbátù yí awọ pupa òfìfo náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bóyá ìṣirò ló wà nínú tiyín náà."

"Bóyá."

"Bóyá kì í ṣe ìṣirò."

"Bóyá."

Kò sí èyí tó tu Jemimah nínú nínú méjèèjì, síbẹ̀ ó yà á lẹ́nu pé òun lè jókòó sí àárín wọn, kí òun máa mí. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ewé tòótọ́ náà jáde. Hàbíbátù na ọwọ́, ó fà á sẹ́yìn nítorí aró.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á fúnra mi," ni Fàtímọ̀ wí.

Wọ́n gbé e jókòó. Ó ka ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ń dúró lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn á gé e kí eegun tó jẹ́ kí ó máa lọ. Kò wojú ìwé náà púpọ̀. Ó kà á dé ibi tí wọ́n ti ní kí ọmọbìnrin náà dìde, ó sì kà á tán.

Kò dìde.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìrora náà fi wà. Hàbíbátù fi òrí gbígbóná pa á lára, nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú fún un ní hóró oògùn funfun, Jemimah ń gbàdúrà ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ilé Sàlàkọ́ náà ń ṣe tiwọn. Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ, bó ṣe máa ń lọ. Olúkúlùkù ló mọ ohun tó lé e lọ, ohun tí wọ́n mọ̀ kò sì bára mu. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò sọ nǹkan kan ni Jemimah.

Ó gbé ewé kẹtàlá náà lọ fún Díákónì, ó sì sọ òtítọ́ fún un. Díákónì gbà á, ó fi sápò.

"O mọ̀ pé kò sí nínú tírà, o sì jẹ́ kí n lé ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Nítorí kí ìyá rẹ̀ má baà mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó kúkú ti wá mọ̀. Sọ fún ọmọ náà kí ó padà wá. Kí ó ṣá ti bọ́ awọ yẹn sílẹ̀." Nípa Jemimah, kò sọ nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ ti gba ìwé ọdún tuntun.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù January, Jemimah ń rán aṣọ ilé ìwé nígbà tí Hàbíbátù àti ọmọ rẹ̀ wọlé. Ọmọ náà ti rù, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Hàbíbátù gbé awọ pupa náà sórí ẹ̀rọ. Ó ṣì là gbàgà níbi tí ọ̀bẹ gbà.

"Ẹ bá mi rán an."

"Mùrí ńkọ́?"

"Mùrí á béèrè ohun tó fẹ́ fi sínú rẹ̀."

"Èmi náà ń béèrè, Ìyá Fàtímọ̀. Kí ni kí n fi sínú rẹ̀?"

"Ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ẹ ṣá rán an."

Jemimah wo Fàtímọ̀. Ọmọ náà mọ ohun tí Díákónì wí, Jemimah fúnra rẹ̀ ló jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. "Ṣé wàá so ó?"

"Ìyá mi ni yóò so ó, Màmá. N kò ní í tú u."

"O mọ̀ pé wọn kò ní í jẹ́ kí o jókòó sórí bẹ́ǹṣì?"

"Mo mọ̀. Ṣé mo lè máa wá kàwé níbí?"

"Ìwé wo? Kò sí ìwé lọ́wọ́ mi mọ́."

"Mo mọ ewé mẹ́rin sórí," ni Fàtímọ̀ wí.

Jemimah wá abẹ́rẹ́ tó nípọn nínú dúrọ́ọ̀, ó ki òwú dúdú bọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀rọ kò lè gun awọ. Ó di ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun. Ó pẹ́. Awọ náà ti gbẹ, òrí kò kàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti là á. Nígbà tó rán an dé òpin, ó so ó ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú rírán náà wò, ó sì na ọwọ́ mú bíléèdì. Fàtímọ̀ ti tẹ orí síwájú kí ìyá rẹ̀ lè so ó.

Jemimah gé òwú tó ṣẹ́kù.